TA NI YÓÒ SAN OWÓ ỌSIBÍTÙ? Dókítà mẹ́ta tó bá ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú wọ̀yá ìjà, àti ibi tó kan ará Ọjà Tuntun

Gbogbo ẹni tó ń tajà ní Ọjà Tuntun, ní Ìlọrin, ló mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú owó àti èrè. Èrè ni a ń jẹ. Èrè ni a fi ń ra aṣọ ọdún Iléyá, òun náà ni a fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ojú owó ni a kì í fọwọ́ kàn, torí pé ẹni tó bá ti jẹ ojú owó ti jẹ ìsọ̀ rẹ̀ tán. Aláta mọ̀ ọ́n, aláṣọ mọ̀ ọ́n, télọ̀ tó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò kan wà tí kì í béèrè bóyá ojú owó ló bá nílé tàbí èrè. Àìsàn ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláta kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní 80,000 náírà ni ojú owó rẹ̀. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná lóru, ó gbé e dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ ra káàdì. Lẹ́yìn káàdì, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, owó oògùn. Wọ́n dá ọmọ dúró, ó di owó bẹ́ẹ̀dì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, owó ata ti di owó abẹ́rẹ́. Ọmọ yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ata ti ṣófo. Ìyá ọmọ á wá máa sáré kiri wá owó èlé tí yóò fi padà sọ́jà.

Èyí tiẹ̀ ni ti ẹni tó dé ọsibítù. Ọ̀pọ̀ ni kì í dé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì ni wọ́n ń yà sí, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn po oògùn tí owó ọwọ́ àwọn ká. Bí oògùn náà bá bá àìsàn mu, ó bọ́ sí i. Bí kò bá bá a mu, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n tó ń dé ọ̀dọ̀ dókítà, owó tí wọ́n sá fún á sì ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 lórí ìlera àwọn ìdílé, nínú obìnrin 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, 97 ni kò ní ètò kankan tí yóò bá wọn san owó ìtọ́jú. Nínú náírà 10 tí wọ́n sì ń ná sórí ìlera lórílẹ̀-èdè yìí, bí náírà 7 ló ń jáde tààrà láti inú àpò aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò wá ju méjì lọ. Ta ló yẹ kó san owó ọsibítù? Ìgbà wo ló sì yẹ kó san án, ṣé kí àìsàn tó dé ni tàbí lẹ́yìn tó bá ti dé? Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn kan ti ń wá ìdáhùn sí i. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé mẹ́ta nínú àwọn tí orúkọ wọn hàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ dókítà, àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà aláìsàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n rí i pé owó ń pa ènìyàn ju ibà lọ.

MÁJẸ̀KÓDÙNMÍ GBÉ E DÉLÉ ÌGBÌMỌ̀, KÒ KỌJÁ

Dókítà Moses Adékóyèjọ Májẹ̀kódùnmí ni àkọ́kọ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ó kàwé ìṣègùn ní Trinity College ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, iṣẹ́ ìtọ́jú aboyún àti ìgbẹ̀bí ló sì fi ṣe iṣẹ́. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, òun ni mínísítà ètò ìlera nínú ìjọba Tafawa Balewa. Ọ̀pọ̀ àgbà ló rántí rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn: ní 1962, nígbà tí ìjà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gbóná ní Ìwọ̀ Oòrùn, òun ni ìjọba àpapọ̀ yàn láti wá ṣe alákòóso ibẹ̀ títí di ìparí ọdún náà.

Ṣùgbọ́n ní 1962 yìí kan náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí kò dún tó ti òṣèlú. Ìgbà rẹ̀ ni wọ́n gbé àbá òfin lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí wọ́n dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀, ohun tí ará ọjà ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Èkó ni wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí àwọn ènìyàn máa dá owó sílẹ̀ nígbà tí ara wọ́n le, kí owó náà lè gbé ẹni tó bá dùbúlẹ̀.

Àbá náà kò kọjá. Àwọn wo ló wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́? Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni! Bí ilé ìgbìmọ̀ ṣe gbé ìwé náà jù sílẹ̀ nìyẹn. Ogun abẹ́lé dé, ó tán, owó epo rọ̀bì dé, kò sì sẹ́ni tó tún fi tọkàntọkàn gbé e. Májẹ̀kódùnmí fúnra rẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ ìṣègùn, ó dá ọsibítù Saint Nicholas sílẹ̀ ní Èkó ní 1968. Ẹni ọdún 95 ni nígbà tó kú ní 2012.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn. Ọ̀nà náà ni ọ̀fẹ́. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ láyé àwọn 1950. Láti 1979 sí 1983, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso tún kéde ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ará Kwara ń gbọ́ ọ lókèèrè, torí pé ẹgbẹ́ NPN ló wà nílé ìjọba ní Ìlọrin títí di 1983. Ṣùgbọ́n oníṣòwò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ kò sí lọ́jà. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ẹ̀ni, ẹnì kan ti san owó rẹ̀. Owó kòkó ló san ti Awólọ́wọ̀, owó epo ló san ti àwọn tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí owó epo wá já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn 1980, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í tán ní ọsibítù ìjọba. Dókítà á kọ oògùn sínú ìwé, aláìsàn á lọ rà á níta. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, owó sísan sì padà sí ọsibítù.

OLÍKÓYÈ RANSOME-KUTI: OWÓ KÉKERÉ TÓ Ń GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Inú ipò yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti bá ilé iṣẹ́ ìlera nígbà tí wọ́n fi í ṣe mínísítà ní 1985. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 1927. Olórí ilé ìwé ni bàbá rẹ̀, Ẹni Ọ̀wọ̀ Israel Ransome-Kuti. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó kó àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta sòdí láti bá Aláké jà lórí owó orí obìnrin. Òun ni ẹ̀gbọ́n Fẹlá. Òun náà ló jáde ní 1997 láti sọ fún aráyé pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́.

Dókítà ọmọdé ni. Dublin lòun náà ti kàwé, níbi tí Májẹ̀kódùnmí ti kà á. Nígbà tó dé Yunifásítì Èkó, ó rí i pé ohun tó ń pa àwọn ọmọ Nàìjíríà jù kì í ṣe àìsàn tó ní orúkọ gígùn. Ìgbẹ́ gbuuru ni, ibà ni, èéyi ni, àìjẹunrekánú ni. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà ló lè gba ọmọ tó ń yàgbẹ́ là kí omi ara rẹ̀ tó tán. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lè dènà èéyi. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ dáadáa lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí láìdúró de dókítà.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú owó? Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ owó! Tí ìjọba bá kó gbogbo owó ìlera sínú ọsibítù ńlá ní ìgboro, ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ ni owó náà ń tọ́jú, owó ńlá lórí ẹnì kan. Tí wọ́n bá kó apá tó pọ̀ sínú ilé ìwòsàn kéékèèké ní àdúgbò, ọgọ́rùn-ún ọmọ ni kò ní dùbúlẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí Ransome-Kuti fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ 52 kí ó tó tàn káàkiri. Ní 1988 ni ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè jáde, tó pín iṣẹ́ sọ́nà mẹ́ta: ìjọba ìbílẹ̀ lókè ilé ìwòsàn àdúgbò, ìjọba ìpínlẹ̀ lókè ọsibítù gbogbogbòò, ìjọba àpapọ̀ lókè ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ní 1992 ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún ètò alábọ́dé yìí.

ỌGBỌ́N BÀMÁKÒ ÀTI IBI TÓ KÙ SÍ

Ṣùgbọ́n oògùn ńkọ́? Ìgbà ẹ̀tò SAP ni. Náírà ti jábọ́, oògùn ń ti òkè òkun wá, ìjọba kò lówó. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà kóra jọ ní Bamako, olú ìlú Mali. Àjọ UNICEF wà ńbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí di ohun tí wọ́n ń pè ní ètò Bamako, Nàìjíríà sì wọ̀ ọ́.

Ọgbọ́n ọjà pọ́nbélé ni ètò yìí. Ẹ ra àwọn oògùn tó ṣe kókó lọ́pọ̀, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹ tà á fún aláìsàn pẹ̀lú èrè díẹ̀. Ẹ fi owó tó wọlé ra òmíràn. Kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn jókòó ti àpótí owó náà, kí ó má bàa di owó ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè kó jẹ. Oníṣòwò yóò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ojú owó ni, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.

Oògùn padà sórí pẹpẹ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n ètò náà ní ibi tó kù sí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ aláta wa wà. Bó ti wù kí oògùn ó pọ́ọ́kú tó, ọjọ́ àìsàn ni aláìsàn ṣì ń san owó. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà kò ní kọ́bọ̀ náà ni. Wọ́n ní kí àdúgbò yọ̀ǹda fún aláìní, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé òun ni aláìní lójú gbogbo ènìyàn? Ta ni yóò sì dá owó rẹ̀ padà sínú àpótí?

Ransome-Kuti kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 1988 kan náà ló gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Emma-Eronini ṣe olórí rẹ̀, láti tún wo ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera tí wọ́n ti gbé jù sílẹ̀ láti 1962. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ló di ìpìlẹ̀ ohun tó dé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀. Ọdún 1999 ni òfin tó jáde, nígbà ìjọba Abdulsalami Abubakar. Olíkóyè Ransome-Kuti kú ní London ní oṣù Kẹfà 2003. Ètò náà kò tíì tọ́jú ẹyọ ènìyàn kan nígbà náà.

WỌ́N BẸ̀RẸ̀ Ọ, OLÓWÓ OṢÙ NÌKAN NI WỌ́N RÍ

Ní oṣù Kẹfà 2005, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ètò náà. Mínísítà ìlera ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀yítayọ̀ Lambo. Òun kì í ṣe dókítà, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé ìlera ni, ó sì ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé nínú gbogbo 100 náírà owó oṣù gan-an, òṣìṣẹ́ á dá 5 náírà, ìjọba tó gbà á síṣẹ́ á dá 10.

Ó dára fún òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀gá aláta? Ta ni yóò dá 10 náírà sí i fún télọ̀, fún kápẹ́ńtà, fún onídìrí? Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ètò tí wọ́n fi owó oṣù dì kò lè di ará ọjà mọ́ra. Àwọn tó pọ̀ jù ló wà níta ẹnu ọ̀nà.

KWARA DÁN AN WÒ: DÓKÍTÀ KẸTA

Ní Kwara, gómìnà láti 2003 sí 2011 ni Dókítà Bùkọ́lá Sàràkí. Bí ti bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ìṣègùn ló kọ́, ní London, kó tó bọ́ sí ilé báǹkì àti òṣèlú. Ìgbà rẹ̀, ní 2007, ni ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní Shonga, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu. Owó láti ilẹ̀ Netherlands wà nínú rẹ̀, àjọ PharmAccess ti ibẹ̀ ló gbé e dìde, ilé iṣẹ́ Hygeia ló ń ṣètò rẹ̀, ìjọba Kwara náà sì dá tirẹ̀. Ọdún náà gan-an ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn obìnrin ọjà ní Èkó. Àgbẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Kwara. Nígbà tó di 2009, ó ti dé Afọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Asa, tí kò jìnnà sí Ìlọrin.

Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́dún kò tó 1,000 náírà. Àwọn yòókù ló ń san èyí tó pọ̀. Wọ́n kò sì fi owó nìkan ṣe é: wọ́n tún àwọn ọsibítù tó wà nínú ètò náà ṣe, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá oògùn wà, bóyá nọ́ọ̀sì wà.

Àwọn olùwádìí fi Afọ̀n, níbi tí ètò wà, wé Àjàṣẹ́ Ìpo, níbi tí kò sí. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n wò láti 2009 sí 2011. Ìwọ̀n ìfúnpá òkè wálẹ̀ ní nǹkan bí 10 ní Afọ̀n. Ní Àjàṣẹ́, bí 5 ló fi wálẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan ló gbé e jáde ní 2014. Ẹni tó bá ti rí bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń gbé ènìyàn ṣubú lójijì mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn tó sí.

Ètò náà dàgbà, ó ní ju 100,000 ènìyàn lọ nínú. Lẹ́yìn náà, owó òkè òkun ń tán lọ, wọ́n sì dá a dúró ní 2016. Káàdì tó ti ń gbani sílẹ̀ di ìwé lásán. Ẹ̀kọ́ ńlá ni: èésú tí àlejò bá ń dá jù nínú rẹ̀, ọjọ́ tí àlejò bá ti lọ ni ó tú.

Dókítà Sàràkí tún bá ọ̀rọ̀ owó ìlera pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfin ìlera tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1 nínú 100 owó àpò rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn mẹ̀kúnnù. Ọdún mẹ́ta kọjá, owó náà kò wọ inú bọ́jẹ̀ẹ́tì. Bọ́jẹ̀ẹ́tì 2018 ni ó ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nígbà tí Sàràkí jẹ́ ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ó sì ju 55 bílíọ̀nù náírà lọ. Ohun tó wà nínú òṣèlú Kwara wà lọ́tọ̀. Ti owó yìí wà nínú àkọsílẹ̀.

KÌ Í ṢE ÀJỌ, OWÓ ẸGBẸ́ NI

Ní oṣù Karùn-ún 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó gba ipò ti 1999. Òfin náà ní dandan ni adójútòfò ìlera fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì ní kí wọ́n dá owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà lè ní ètò tirẹ̀, Kwara sì ti ní àjọ tó ń rí sí i. Ará ọjà lè wọ̀ ọ́ láìjẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kò tíì wọ̀ ọ́? Ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníṣòwò, ìbéèrè náà sì mọ́gbọ́n dání: “Bí n kò bá ṣàìsàn títí ọdún fi parí, ṣé ẹ máa dá owó mi padà?” Ìdáhùn ni pé rárá, wọn kò ní dá a padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, torí pé àjọ ni ará ọjà fi ń wò ó. Alájọ á wá lójoojúmọ́, á sàmì sí káàdì, nígbà tí oṣù bá parí á yọ owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún olówó. Owó rẹ ni, o gbà á. Ẹni tó bá wá gba àjọ tí kò sì dá a padà, olè ni.

Ṣùgbọ́n adójútòfò kì í ṣe àjọ. Owó ẹgbẹ́ ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ọjà ló ní i. Bí ìyá ẹnì kan bá kú, gbogbo ẹgbẹ́ á dáwó jọ, wọ́n á kó o fún ọlọ́fọ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ pé, “Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń dáwó, ìyá mi kò tíì kú, ẹ dá owó mi padà.” Àdúrà gbogbo wọn ni pé kí ìyá wọn pẹ́ láyé. Ẹni tí kò gbà nínú owó náà ni orí rẹ̀ pé jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó ìlera rí. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́dún yìí ló ń tọ́jú ọmọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè yí padà.

Èyí náà ló jẹ́ kí ó di dandan kí gbogbo ènìyàn wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí oyún bá wọ oṣù kẹjọ ni ẹnì kan ń sáré wá dáwó, tí ó bá sì bímọ tán kó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò kù nínú àpótí? Aláìsàn nìkan ni. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ọlọ́fọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀ kò lè sìnkú. Ọjọ́ ogun kọ́ là ń wá ọfà.

Ilẹ̀ Ghana gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà tiwọn. Àwọn náà ti jẹ ìyà san-owó-kí-a-tó-wò-ọ́, tí wọ́n ń pè ní “cash and carry”. Ní 2003 wọ́n ṣe òfin adójútòfò, wọ́n sì fi owó orí 2.5 nínú 100 lé ọjà àti iṣẹ́ láti máa gbé e. Èyí ni pé ẹni tó bá ra ọjà ti dá sí i, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ètò wọn kò pé, gbèsè sì ń bá a jà, ṣùgbọ́n kò dúró lé owó àlejò nìkan.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ ỌJÀ GBỌ́DỌ̀ BÉÈRÈ

Gbogbo èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni kó owó rẹ̀ sílẹ̀ láìlajú. Ẹni tó bá ra aṣọ láìtú u wò, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Bí ẹgbẹ́ aláṣọ tàbí ẹgbẹ́ aláta bá fẹ́ wọ ètò yìí, ó dára kí wọ́n lọ pọ̀, kí ìyálọ́jà ṣíwájú, kí wọ́n sì béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà:

Èló ni a ń san lọ́dún báyìí, ṣé a lè san án díẹ̀díẹ̀? Ọsibítù wo gan-an ni orúkọ wa yóò wà, ṣé ó súnmọ́ ọjà tàbí ilé? Àìsàn wo ló wà nínú rẹ̀, èwo ni kò sí? Ìbímọ ńkọ́, iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ni a máa dúró lẹ́yìn tí a bá sanwó kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Bí ọsibítù bá sọ pé oògùn ti tán, kí a lọ rà á níta, ta ni a máa pè? Ta ló ń ṣàyẹ̀wò owó tó wà nínú àpótí?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló wúwo jù. Ohun tó pa ètò ọ̀fẹ́ ni pé owó tán nínú rẹ̀. Ohun tó dá ti Kwara dúró ni pé owó àlejò tán. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ọwọ́ àwọn tó ń dáwó náà ló yẹ kí ojú tó ń ṣọ́ ọ wà. Ọlọ́jà tó lè dá alájọ tó pẹ́ dé dúró lójú ọ̀nà kó bi í léèrè, ó lè bi òṣìṣẹ́ ìjọba náà léèrè.

Májẹ̀kódùnmí gbé e, wọ́n kọ̀ ọ́. Ransome-Kuti gbé e, ó kú kó tó rí i. Kwara dán an wò, ó ṣiṣẹ́, ó sì dúró. Òfin ti wà báyìí. Ohun tó kù ni kí àpótí kún, kí ó sì wà lábẹ́ ojú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́dọ̀ pé kí a tó gbé e sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ètò náà, tó gbà yín sílẹ̀ tàbí tó já yín kulẹ̀, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ ọ́ wá, kí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì lè fi tiyín kọ́gbọ́n.